Lílo Kọ̀ǹpútà Orí Kíláòdù fún Àbójútó Sáfà láti Ọ̀nà Jíjìn

Sáfà ni kọ̀ǹpútà àgbà tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn: ìwé owó oṣù, àkọsílẹ̀ ilẹ̀, fáìlì àwọn aláìsàn. Kì í sùn. Bí ó bá dákẹ́ ní agogo méjì òru, alábòójútó rẹ̀ kò lè dúró di òwúrọ̀ kí ó tó wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Láti ilé ni yóò ti tún un ṣe, lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ ń lò nílé lè jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe géèmù ní ìrọ̀lẹ́. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ inú rẹ̀, ó lè bá òṣìṣẹ́ náà dé inú sáfà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ṣí ẹnu ọ̀nà sáfà sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo ayé: ẹnu ọ̀nà 3389 ni Windows sábà máa ń lò, 22 sì ni SSH ti Linux. Tọ̀sántòru ni àwọn ọ̀daràn ń kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Microsoft kéde àléébù kan tí a mọ̀ sí BlueKeep nínú àwọn Windows àtijọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò lè wọlé láìní ọ̀rọ̀ aṣínà rárá. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ilé-iṣẹ́ náà ṣe àtúnṣe fún Windows XP, tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2014.

Kọ̀ǹpútà orí kíláòdù jẹ́ ọ̀nà àbáyọ kan. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí a lè fọwọ́ bà. Inú gbọ̀ngàn ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó wà. WorkSpaces ni Amazon pe tirẹ̀, Azure Virtual Desktop ni ti Microsoft. Òṣìṣẹ́ yóò ṣí i láti orí ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, yóò sì máa lò ó bí ẹni pé iwájú rẹ̀ ni ó wà. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà náà ni ó ń bọ̀ wá sílé. Títẹ bọ́tìnì àti ìrìn máòsì ni ó ń lọ. Bí a bá ti pa àǹfààní dída fáìlì kọ sórí ẹ̀rọ ilé, tí olè sì jí ẹ̀rọ náà nínú ọkọ̀, irin àti gíláàsì lásán ni ó gbé lọ.

Agbára ètò yìí wà nínú ohun kan: kí a pàṣẹ fún sáfà pé kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn láti ìta àfi kọ̀ǹpútà orí kíláòdù náà. Ẹni tí ó bá ra kọ̀ǹpútà kíláòdù, tí ó sì fi ẹnu ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí, owó ni ó ná dànù. Kọ̀ǹpútà náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ibi kíka í-meèlì tàbí wíwo fídíò. Iṣẹ́ sáfà nìkan ni kí a fi ṣe.

Síbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ẹ̀rọ ilé ṣì lè rí ọ̀rọ̀ aṣínà bí òṣìṣẹ́ ti ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ béèrè ẹ̀rí kejì, bíi nọ́ńbà tí ó ń yí padà lórí fóònù. Ní ọdún 2021, àkáǹtì VPN àtijọ́ kan tí kò ní ẹ̀rí kejì ni àwọn ọ̀daràn gbà wọ inú Colonial Pipeline ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ náà dá gbígbé epo dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì san owó ìdáǹdè.

Ètò yìí kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí okùn abẹ́ òkun já ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ni íntánẹ́ẹ̀tì já mọ́ lọ́wọ́. Ó yẹ kí ẹnìkan ní kọ́kọ́rọ́ yàrá sáfà lọ́wọ́ nítòsí.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó Àjọ tí ó ń bójú tó o létí bí dátà àwọn ènìyàn bá bọ́ sọ́wọ́ tí kò yẹ, tí ó sì lè pa wọ́n lára. Àkọsílẹ̀ ẹni tí ó wọlé àti wákàtí tí ó wọlé ni yóò jẹ́ kí a lè ṣe ìròyìn yẹn. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí alábòójútó fúnra rẹ̀ kò ti lè pa á rẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ pa àkáǹtì rẹ̀.