Ìwádìí Lórí Àrùn Ẹ̀dọ̀: Ìtọ́kasí Pọ̀ Lórí Ìwé, Ṣé Àǹfààní Rẹ̀ Ti Dé Imeke?

Ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké gbàjarè. Ó lè máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, kí ẹni tí ó ni ín máa jẹun, kí ó máa ṣiṣẹ́, kí ó má sì mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ìgbà tí ojú bá pọ́n, tí ìtọ̀ pọ́n, tí ikùn sì wú ni ẹbí tó máa ń sáré kiri. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ àmì yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ nígbà náà, tí gbogbo àgbáyé pàápàá kò mọ̀ títí di nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ni kòkòrò tó wà nídìí púpọ̀ nínú àrùn ẹ̀dọ̀ ní ilẹ̀ Adúláwọ̀.

Láti ìgbà náà, ìwé tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti kọ lórí ẹ̀dọ̀ kò lóǹkà mọ́. Wọ́n sì ní ètò kan tí wọ́n fi ń mọ èyí tó lókìkí nínú wọn: wọ́n ń ka iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tọ́ka sí i. Ẹni tó bá tẹ̀lé bí ìwádìí yìí ṣe ń yí láti ọdún dé ọdún yóò rí ohun kan tó kan ará Imeke, ní etí òkun Àgbádárìgì, gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni èrè rẹ̀ ti kọ́kọ́ ń dé.

BÍ WỌ́N ṢE Ń KA ÌTỌ́KASÍ

Onímọ̀ tó bá ń kọ ìwé lórí ìwádìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Eugene Garfield, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló dá a lábàá ní ọdún 1955, nínú ìwé àtìgbàdégbà Science, pé kí wọ́n máa kó irú ìdárúkọ bẹ́ẹ̀ jọ. Ní ọdún 1964, iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia gbé Science Citation Index jáde. Láti ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní impact factor ti wá.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Wọ́n á ka iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka, láàárín ọdún kan, sí àwọn àpilẹ̀kọ tí ìwé àtìgbàdégbà kan tẹ̀ jáde ní ọdún méjì tó ṣáájú. Wọ́n á wá fi iye àpilẹ̀kọ ọdún méjì náà pín in. Bí àpilẹ̀kọ 100 bá gba ìtọ́kasí 500, òṣùwọ̀n ìwé náà jẹ́ 5. Ní ọdún 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, mú òṣùwọ̀n mìíràn wá fún onímọ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ ni h-index. Ẹni tí h-index rẹ̀ jẹ́ 20 ti kọ àpilẹ̀kọ 20 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà 20, ó kéré tán.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀, àwọn ìwé àtìgbàdégbà tó léwájú ni Gut, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1960. Hepatology ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1981. Àti Journal of Hepatology ti Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985. Òṣùwọ̀n Journal of Hepatology lé ní 20 nínú ìṣirò ọdún 2023. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, irú nọ́ńbà báyìí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbé olùkọ́ ga, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi owó ṣe ìrànwọ́ fún ìwádìí ń wò.

ÌBÀDÀN KÒ GBẸ́YÌN

Ní ọdún 1960, wọ́n dá ìwé àkọsílẹ̀ àwọn alárùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1965, G. M. Edington àti C. M. U. Maclean tẹ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1963 jáde nínú British Journal of Cancer. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù lára ọkùnrin. Àkọsílẹ̀ Ìbàdàn wọ ìdìpọ̀ kìíní ìwé Cancer Incidence in Five Continents, tó jáde ní 1966, èyí tí gbogbo ayé fi ń mọ bí jẹjẹrẹ ṣe pọ̀ tó láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Ìbéèrè tó kù nígbà náà ni pé: kí ló dé tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà?

Ọkùnrin tó rí ojútùú ìbéèrè náà ti gba Nàìjíríà kọjá. Baruch Blumberg, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1957, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ lára onírúurú ènìyàn, tó fi mọ́ àwọn Fúlàní darandaran. Kì í ṣe àrùn ẹ̀dọ̀ ló ń wá nígbà náà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀yà ṣe yàtọ̀ síra. Irú ìwádìí yẹn ló ń bá lọ nígbà tó bá ohun àjèjì kan pàdé nínú ẹ̀jẹ̀ ará Ọsirélíà kan. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde rẹ̀ ní 1965. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ pé ohun náà jọ mọ́ àrùn tó ń mú ẹ̀dọ̀ wú, wọ́n kọ́kọ́ dá àpilẹ̀kọ náà padà fún wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ irú rẹ̀ rí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jáde ní 1967. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó hàn gbangba pé ara kòkòrò hẹpatáítísì B ni. Ní ọdún 1976, Blumberg gba ẹ̀bùn Nobel. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù Keje, ni àgbáyé fi ń ṣe àyájọ́ àrùn hẹpatáítísì.

Àpilẹ̀kọ tó fi gbogbo rẹ̀ múlẹ̀ wá láti Taiwan. Ní ọdún 1981, R. Palmer Beasley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú The Lancet pé àwọn tọpa ọkùnrin 22,707, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún àwọn tí kòkòrò náà wà lára wọn sì ju ti àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po 223. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè tí àkọsílẹ̀ Ìbàdàn gbé dìde ṣe rí ìdáhùn ńlá kan.

ÒWÒ ẸRÚ WỌ INÚ ÌWÁDÌÍ ẸJẸ̀

Ọmọ Àgbádárìgì mọ ìtàn òwò ẹrú ju kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ lọ. Erékùṣù Gberefu, tí wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn wọ ọkọ̀ òkun, wà níbẹ̀ dòní. Ìwádìí àrùn ẹ̀dọ̀ náà gba ojú ọ̀nà yẹn.

Oríṣiríṣi ìran ni hẹpatáítísì B pín sí, lẹ́tà A, B, C ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Ní ọdún 2001, S. O. Odemuyiwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí G. N. Odaibo àti D. O. Olaleye ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, kọ ọ́ sínú Journal of Medical Virology pé ìran E ló fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà àti ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 2009, I. E. Andernach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aboyún 7,147 ní Haiti jáde. Ní ilẹ̀ náà, ó ju 90 lọ nínú 100 ènìyàn tí àwọn baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú láti Áfíríkà. Wọ́n rí ìran A5, èyí tó ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì so ó mọ́ agbègbè Bight of Benin, ìyẹn etí òkun tí Àgbádárìgì wà. Ṣùgbọ́n àwọn ìran tó gbilẹ̀ ní Haiti yàtọ̀ gédégédé sí èyí tó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lónìí. Èrò wọn ni pé àrùn náà, bó ṣe rí ní Áfíríkà báyìí, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó fi tàn ká.

ẸPÀ ÀTI ÀGBÀDO TÓ BU

Kòkòrò nìkan kọ́ ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe. Oró tó pa wọ́n, tí wọ́n wá sọ ní aflatoxin, ń wá láti ara ohun tó ń hù lórí ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa. Oró yìí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ewu rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i gidigidi bí hẹpatáítísì B bá ti wà lára ẹni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Imeke. Ní ọdún 2002, Y. Y. Gong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọdé 480 láti abúlé 16 ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo jáde nínú British Medical Journal. Àwọn ọmọ náà jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún márùn-ún. Wọ́n rí aflatoxin lára nǹkan bí 99 nínú 100 wọn, àwọn tó sì pọ̀ lára wọn kò dàgbà tó bó ṣe yẹ. Àjọ IITA ní Ìbàdàn ti fi irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan: wọ́n ṣe Aflasafe, èyí tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kí èyí tí kò ní oró lè gba àyè mọ́ èyí tó ní oró lọ́wọ́.

ÌWÁDÌÍ YÍ OJÚ PADÀ

Hẹpatáítísì B ló gba iwájú láti àárín àwọn ọdún 1960. Ní ọdún 1989, wọ́n rí kòkòrò hẹpatáítísì C, ọ̀pọ̀ àwọn olùwádìí sì yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ náà so èso: láti ọdún 2013 ni àwọn oògùn tó ń wo ó sàn pátápátá láàárín oṣù mélòó kan ti ń jáde, Harvey Alter, Michael Houghton àti Charles Rice sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2020.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ló gba ojúde, èyí tó ń bá sísanra àti ìtọ̀ ṣúgà rìn. Ní ọdún 2023, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ẹ̀dọ̀ lágbàáyé fohùn ṣọ̀kan láti fún un ní orúkọ tuntun, MASLD. Àrùn yìí ń dé Èkó náà. Ṣùgbọ́n ìdí tí ìtọ́kasí rẹ̀ fi ń gbèrú kò fara sin: bí àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣe ń dárúkọ ara wọn tó, ilẹ̀ olówó sì ni wọ́n pọ̀ sí.

OHUN TÍ NỌ́ŃBÀ KÒ LÈ SỌ

Yorùbá ní ẹni tó ní orí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò ní orí. Ilẹ̀ tí hẹpatáítísì B pọ̀ sí kọ́ ni ilẹ̀ tí àwọn ìwé àtìgbàdégbà ńlá wà. Ìbàdàn ti ń tẹ African Journal of Medicine and Medical Sciences láti ọdún 1970, ètò African Journals OnLine sì bẹ̀rẹ̀ ní 1998 kí iṣẹ́ ilẹ̀ Adúláwọ̀ má bàa sọnù. Síbẹ̀, ìwádìí kékeré láti ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà kì í sábà gba ìtọ́kasí púpọ̀. Èyí kò sọ pé kò wúlò. Ní ọdún 2015, B. M. Musa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó irú àwọn ìwádìí bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2000 sí 2013 jọ, wọ́n sì ṣírò pé 13.6 nínú 100 ènìyàn ni hẹpatáítísì B wà lára wọn. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 rí 8.1 nínú 100 àgbàlagbà. Méjèèjì fi hàn pé àrùn náà pọ̀ láàárín ìlú.

Gambia fi hàn bí ìwádìí ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ará abúlé. Láti ọdún 1986 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítísì B níbẹ̀, tí wọ́n sì ń tọpa wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ní ọdún 2016, Maud Lemoine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Gut tó dá lórí àwọn aláìsàn Gambia àti Senegal. Wọ́n fi hàn pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì tí kò wọ́n púpọ̀ lè fi bí ẹ̀dọ̀ ṣe bàjẹ́ tó hàn, láìlo ẹ̀rọ olówó ńlá.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ KÙ SÍ

Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ náà sínú ètò àjẹsára ọmọdé ní 2004. Bí ọmọ bá kó kòkòrò náà nígbà ìkókó, nǹkan bí 90 nínú 100 ni kò ní kúrò lára rẹ̀ mọ́; lára àgbàlagbà, kò tó 5 nínú 100. Nítorí náà, wákàtí 24 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ni abẹ́rẹ́ kìíní gbọ́dọ̀ wọlé, kí àwọn yòókù tẹ̀lé e ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2024 pé 63 nínú 100 àwọn tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àrùn náà wà ní ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n 18 péré nínú 100 ìkókó ibẹ̀ ló ń gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí.

Aboyún tó ń bí sílé tàbí lọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí kò yẹ kó dúró de ọ̀sẹ̀ kẹfà kó tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Àgbàlagbà tí kò tíì ṣe àyẹ̀wò rí lè lọ ṣe é; bí kòkòrò náà kò bá sí lára rẹ̀, ó lè gba abẹ́rẹ́, bí ó bá sì wà, oògùn wà tó ń dá a dúró. Jíjẹun pọ̀ tàbí bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ kì í kó o ran ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ tàbí abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò, àti ìyá sí ọmọ lásìkò ìbí ni ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu kì í ṣe oúnjẹ.

Ọmọ tí wọ́n bí ní Imeke lóru, tó sì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kò ní sí nínú ìṣirò impact factor kankan. Ṣùgbọ́n nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí ọgọ́ta ọdún yìí fi wáyé.