Bí Linux Bá Kọ̀ Láti Jókòó Sórí Tábílẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró. Àwọn tábílẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí kíbọ́ọ̀dù wọn ṣeé yọ, tí wọ́n tà káàkiri láàárín 2014 sí 2016, ṣì wà nínú ilé àwọn kan nínú wa ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Wọ́n ṣì ń tàn, àwọn ọmọ ṣì ń fi wọ́n kàwé, àmọ́ àtúnṣe ààbò kò dé orí wọn mọ́. Windows 11 kò sì lè wọ̀ wọ́n: ó ń béèrè fún RAM gígábáìtì 4 àti ibi ìpamọ́ gígábáìtì 64, ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ 2 àti 32 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní.

Àwọn kan á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi Windows tí wọn kò sanwó rẹ̀ sórí ẹ̀rọ náà. A kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ohun olóhun ni, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n há sínú rẹ̀. Àwọn mìíràn á yà sí Linux, èyí tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ni ín sì ti yọ̀ǹda fún gbogbo ènìyàn láti lò ó, láti dà á kọ, kí wọ́n sì fún ẹlòmíràn. Android tó wà lórí fóònù wa pàápàá, orí Linux ló jókòó lé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orí tábílẹ́ẹ̀tì, Linux a máa kọ̀. Ẹ̀rọ á ṣú dùdù, tàbí kó padà sí Windows bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń fa ìkọ̀ yìí ni a fẹ́ tú palẹ̀ níbí.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ní èdè Lárúbáwá, orúkọ tábílẹ́ẹ̀tì wá láti inú ọ̀rọ̀ náà lawḥ, èyí tí àwọn bàbá wa sọ di wàláà ní ilé-kéú. Ẹni tó bá ti fọ wàláà rí mọ̀ pé omi kì í ya āyah tí ọmọ ti há sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò tíì há. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò tó ń fi Linux sórí ẹ̀rọ. Bí a bá ní kó nu ibi ìpamọ́ nù, á nù ún. Ẹ kọ́kọ́ da àwòrán ẹbí, ohùn kíké Kùránì tí a gbà sílẹ̀, àti ìwé orúkọ àwọn ọmọ kéú, bí ó bá wà níbẹ̀, sórí nǹkan mìíràn. Kí ẹ sì ṣí i níbẹ̀ wò, kì í ṣe kí ẹ kàn gbà pé ó ti lọ.

Ohun kan wà tó ń ba àwọn ènìyàn lójijì. Ọ̀pọ̀ tábílẹ́ẹ̀tì Windows ti fi àgádágodo sí ibi ìpamọ́ wọn fúnra wọn láìjẹ́ pé onílé mọ̀. Orúkọ àgádágodo náà ni BitLocker. Bí a bá yí ètò ìjídìde ẹ̀rọ padà, ó lè béèrè fún nọ́ńbà kan tó jẹ́ díjíìtì 48 kó tó ṣí Windows. Inú àkáǹtì Microsoft ẹni tó kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà ni nọ́ńbà yẹn sábà máa ń wà. Bí ó bá jẹ́ pé alágbàtà ni ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ọ̀nà láti rí i. Nítorí náà, ẹ pa BitLocker nínú Windows nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣí dáadáa, kí ẹ sì dúró dè é títí tí yóò fi parí.

Irú tábílẹ́ẹ̀tì wo ni?

Ìbéèrè yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ iPad, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Bí ó bá jẹ́ Android, irú èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 2013 lábẹ́ orúkọ Ọpọ́n Ìmọ̀, fáìlì Linux tí a ń fi sórí láptọ́ọ̀pù kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ rárá. Kò sí flash tí a lè kì bọ̀ ọ́ tí yóò jí i. Ìlẹ̀kùn ìjídìde rẹ̀ wà ní títì, ẹni tó bá sì ṣí i, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ni yóò pa rẹ́. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní postmarketOS, tí wọ́n gbé jáde ní 2017, tó ń kó Linux sórí fóònù àti tábílẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àkọsílẹ̀ wọn bóyá orúkọ ẹ̀rọ yín gan-an wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ tó kàn fẹ́ kọ́ àwọn àṣẹ Linux lè fi áàpù Termux sórí Android rẹ̀, kò sì ní ba nǹkan kan jẹ́.

Tábílẹ́ẹ̀tì tí Windows wà lórí rẹ̀, tí Intel Atom jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, bí irú Z3735F, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí láti ibí lọ.

Flash wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kò rí i

Èyí ni ìkọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ń mú kí àwọn ènìyàn máa ra flash tuntun lásán. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà jẹ́ bíìtì 64. Ṣùgbọ́n ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ dìde kí Windows tó dé, èyí tí wọ́n ń pè ní UEFI, bíìtì 32 ni àwọn tó ṣe é fi sí i. Ètò bíìtì 32 yìí kì í ka fáìlì ìjídìde bíìtì 64, ìyẹn nìkan sì ni ọ̀pọ̀ Linux òde òní gbé dání. Yóò wo flash náà títí, kò ní rí nǹkan kan tó lè kà, yóò sì padà sí Windows.

Ọ̀nà láti mọ̀ rọrùn. Nínú Windows, ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí System, kí ẹ tẹ About. Bí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Windows náà jẹ́ bíìtì 32 ṣùgbọ́n ọpọlọ jẹ́ x64, ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, kí ẹ kọ msinfo32. Bí BIOS Mode níbẹ̀ bá sọ pé UEFI, ọ̀rọ̀ ti yanjú: UEFI bíìtì 32 ni, nítorí pé Windows àti UEFI tó jí i gbọ́dọ̀ jẹ́ bíìtì kan náà.

Òògùn rẹ̀ ni kí a yan Linux tó mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Debian ti ń ṣe é láti ẹ̀dà 8 ní 2015; orí fáìlì tí wọ́n pè ní multi-arch ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Fedora bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láti ẹ̀dà 27, ní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Hans de Goede tó ń ṣiṣẹ́ ní Red Hat nígbà náà wà lára àwọn tó sapá jù lórí àwọn tábílẹ́ẹ̀tì Atom wọ̀nyí, àwa tí a kò lágbára láti ra tuntun sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn: wọ́n á wá fáìlì bootia32.efi, wọ́n á fi í sínú fódà EFI/BOOT lórí flash Ubuntu. Lóòótọ́ ni ẹ̀rọ á jí. Ṣùgbọ́n ní ìparí, nígbà tí Ubuntu bá fẹ́ gbé ètò ìjídìde tirẹ̀ sílẹ̀, bíìtì 64 náà ni yóò tún gbé, yóò sì kùnà. Ẹ lo Debian tàbí Fedora.

Àwọn nǹkan mìíràn tó ń dí flash lọ́nà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pa Secure Boot nínú UEFI. Láti dé ibẹ̀, ẹ lọ sí Recovery nínú Settings, kí ẹ yan Advanced startup, lẹ́yìn náà UEFI Firmware Settings. Ẹ yẹ fáìlì tí ẹ fà wálẹ̀ wò kí ẹ tó lò ó, nítorí pé dátà máa ń já láàárín ọ̀nà. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ kọ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì náà, àti SHA256. Nọ́ńbà gígùn tí yóò jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà níbi tí ẹ ti fà á mu láìku ẹyọ kan. Flash tí ẹni kan tà fún yín lójú ọ̀nà pé ó jẹ́ 64, tó jẹ́ pé 8 ló wà nínú rẹ̀, náà wà. Ètò H2testw á tú u fó.

Ihò kan ṣoṣo, àti iná

Púpọ̀ nínú àwọn tábílẹ́ẹ̀tì yìí ní ihò USB kékeré kan ṣoṣo. Ihò yẹn náà ni ṣájà ń gbà. Bí flash bá wà níbẹ̀, kò sí ṣájà, kò sí kíbọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ẹ nílò wáyà OTG àti ìpín-USB tó ní iná tirẹ̀, kí flash, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì lè wà papọ̀. Ẹ gba ẹ̀rọ náà níná kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ìpín-USB bá wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba iná mọ́. Ẹni tó bá ń gbé ní àdúgbò wa mọ̀ bí iná ti rí. Ẹ má ṣe é ní ìgbà tí bátìrì kù díẹ̀ kí ẹ máa retí pé NEPA á mú un wá. Bí ẹ̀rọ bá kú nígbà tó ń pín ibi ìpamọ́, Windows ti lọ, Linux kò sì tíì dé.

Nígbà tí ètò náà bá béèrè ibi tí ẹ fẹ́ fi Linux sí, ẹ kíyèsára. Ibi ìpamọ́ tábílẹ́ẹ̀tì ni èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mmcblk. Èyí tó ń jẹ́ sda sábà máa ń jẹ́ flash yín fúnra rẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù, sda ni àwọn ènìyàn mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ ara wọn pa flash náà rẹ́.

Ojú ẹ̀rọ ṣú, tàbí ó dá gan

Bí àwọn ìwé ìbẹ̀rẹ̀ bá jáde tí ojú ẹ̀rọ sì ṣú lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún un jí. Níbi tí ó ti ń béèrè ohun tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ lẹ́tà e, ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, kí ẹ kọ nomodeset sí ìparí rẹ̀, kí ẹ tẹ F10. Bí ìwé bá dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, fbcon=rotate:1 ni ẹ ó kọ síbẹ̀; bí ó bá dojú dé, ẹ fi 3 rọ́pò 1. Bí ẹ̀rọ bá ń dá gan lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tí máòsì kò lọ tí kò bọ̀, àrùn àwọn Atom ìgbà yẹn ni. Wọn kì í jí dáadáa bí wọ́n bá sùn jìnnà. Ohun tó ń dá a dúró ni intel_idle.max_cstate=1, àmọ́ bátìrì á máa yára tán.

Ó parí, àmọ́ kò ṣí

Ó ṣẹlẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa, ètò náà sọ pé ó ti parí, ẹ sì yọ flash, tábílẹ́ẹ̀tì wá sọ pé òun kò rí ohun tí òun ó ṣí. UEFI àwọn kan nínú wọn kì í rántí orúkọ tí Linux fi sílẹ̀. Fódà EFI/BOOT nìkan ni wọ́n mọ̀. Debian ní ìbéèrè kan fún èyí nígbà tó ń fi GRUB sílẹ̀: ó ń béèrè bóyá kí òun tún fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi tí ẹ̀rọ máa ń wò fún flash. Ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ fi flash náà jí ẹ̀rọ ní ipò àtúnṣe, ẹ ṣí ibi tí Linux wà, ẹ rí i pé grub-efi-ia32 wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì kọ grub-install pẹ̀lú --removable.

Wi-Fi lè má sí. Ẹ fi wáyà so fóònù Android mọ́ ọn, kí ẹ tan USB tethering, dátà fóònù á wọlé, ẹ ó sì lè fa ohun tó kù wálẹ̀. Láti Debian 12 ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọ̀pọ̀ fáìlì tí Wi-Fi nílò ti wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn àti fífọwọ́kan ojú ẹ̀rọ lè gba sùúrù. Kámẹ́rà kì í sábà ṣiṣẹ́, kí ẹni tó ń fi tábílẹ́ẹ̀tì náà kọ́ ọmọ ní kéú láti ọ̀nà jíjìn má tíì yọ Windows.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ JAMB. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe UTME láti 2015, ọ̀pọ̀ ètò ìdánrawò rẹ̀ tí wọ́n ń tà sì jẹ́ ti Windows tàbí Android. Bí ọmọ bá ní ìdánwò lọ́dún yìí, tí ẹ̀rọ yìí nìkan sì wà nílé, ẹ jẹ́ kó ṣe é tán kí ẹ tó dán Linux wò.

Àwọn kan ń béèrè Sabily, Linux tí wọ́n kọ́ lé Ubuntu fún àwa Mùsùlùmí, tí àkókò ìrun àti Zekr fún kíka Kùránì wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà mi ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi í sílẹ̀, kò sì yẹ kí a tún gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí Debian, ẹ yan Xfce tàbí LXQt tó fúyẹ́ fún RAM 2, ẹ fa fonts-hosny-amiri wálẹ̀ fún lẹ́tà Lárúbáwá tó mọ́ lójú, kí ẹ sì lọ sí ètò kíbọ́ọ̀dù. Ẹ ó rí Arabic níbẹ̀. Lábẹ́ Nigeria, ẹ ó rí Yoruba pẹ̀lú.