Ìtàn Ọbẹ̀ Chili: Èròjà Wo Ni Àjèjì?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí lè rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ata pupa ti wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ataare àti ìyèré ni ọmọ onílẹ̀. Ata rodo, ṣọ̀ǹbọ̀ àti tàtàṣé, àlejò ni gbogbo wọn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran wọn ti ṣẹ̀ wá, àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ sì ti ń gbin ata láti ohun tí ó lé ní 6,000 ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí Christopher Columbus gúnlẹ̀ sí apá ibẹ̀ ní 1492 ni ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì àti ti Pọtogí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ata káàkiri ayé, tí ó sì gba etíkun wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lónìí, ta ni yóò pe ata ní àjèjì nínú ọbẹ̀?

Irú ìbéèrè yìí ni ó wà nídìí àríyànjiyàn kan tí ó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà lórí ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní chili. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni chili con carne, èyí tí ó túmọ̀ sí ata pẹ̀lú ẹran. Èdè Sípéènì ni orúkọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ chili fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti Sípéènì. Inú èdè Nahuatl, èdè àwọn Aztec ti Mẹ́síkò, ni wọ́n ti yá a. Ẹran màlúù tí a gé wẹ́wẹ́, ata gbígbẹ, ayù, ọ̀rá àti èso kumin ni wọ́n fi ń sè é, tí wọn yóò sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná. Kí ni a tún lè fi sí i tí yóò ṣì máa jẹ́ chili? Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìyá San Antonio

Ìlú San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas ni òkìkí ọbẹ̀ yìí ti kàn. Lábẹ́ ìjọba Sípéènì ni a tẹ ìlú náà dó ní 1718. Ó bọ́ sọ́wọ́ Mẹ́síkò ní 1821. Texas gba òmìnira ní 1836, ó sì di ara Amẹ́ríkà ní 1845. Ìjọba ń yí padà, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ń dáná kò kúrò nídìí ààrò. Ní ìdajì kejì sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò a máa se ọbẹ̀ nílé; bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn a kó ìkòkò, tábìlì àti àtùpà lọ sí gbàgede tí wọ́n ń pè ní Military Plaza. Sójà, darandaran, oníṣòwò àti arìnrìn-àjò a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nígbà tí rélùwéè dé ìlú náà ní 1877, àlejò tún pọ̀ sí i, wọ́n sì ń pe àwọn obìnrin wọ̀nyí ní Chili Queens, ìyẹn àwọn ayaba ọbẹ̀ chili. Ní 1893, wọ́n ta ọbẹ̀ San Antonio níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní Chicago, àwọn tí kò dé Texas rí sì tọ́ ọ wò.

Ní àkókò kan náà, ọmọ Jámánì kan tí ó ń jẹ́ William Gebhardt ń ta oúnjẹ ní New Braunfels, ní ìtòsí San Antonio. Ó ṣàkíyèsí pé bí àsìkò ata bá ti kọjá, ọbẹ̀ náà kì í ṣeé sè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ata gbígbẹ láti Mẹ́síkò, ó ń lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú àwọn èròjà mìíràn, ó sì ń rọ ọ́ sínú ìgò. Láti àwọn ọdún 1890 ni ó ti ń ta ìyẹ̀fun ata yìí. Bí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn ṣe rí chili sè nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni chili inú agolo tún gbòde.

Ohun tí ó dun ni ní ìtàn yìí ni pé bí ọjà ṣe ń gbòòrò sí i fún àwọn ilé iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àyè ń há mọ́ àwọn ìyá tí ó sọ ọbẹ̀ náà di olókìkí. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn aláṣẹ ìlera ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn. Wọ́n ní kò sí omi tí ó dára tí wọ́n fi ń fọ abọ́, eṣinṣin sì ń bà lé oúnjẹ. Maury Maverick, tí ó jẹ́ olórí ìlú láti 1939 sí 1941, gbà wọ́n padà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí, àtẹ wọn ti kúrò ní gbàgede. Orúkọ Gebhardt wà lára ìgò. Orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ìyá náà kò sí nínú ìwé kankan.

Ìjà lórí ẹ̀wà

Nígbà tí owó wọ́n ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, ọ̀pọ̀ ìdílé fi ẹ̀wà bu ẹran inú chili wọn kún kí ó lè kárí. Ọgbọ́n àìní ni. Síbẹ̀, títí di òní, ọ̀pọ̀ ará Texas kò fẹ́ gbọ́ pé ẹ̀wà wọ ìkòkò chili. Ní 1967, H. Allen Smith, òǹkọ̀wé apanilẹ́rìn-ín kan tí ó ń gbé ní New York, kọ àròkọ kan nínú ìwé ìròyìn Holiday pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ nípa chili tó òun. Ẹ̀wà sì wà nínú tirẹ̀! Àwọn ará Texas gbaná jẹ. Wọ́n yan akọ̀ròyìn kan, Wick Fowler, láti bá a figa gbága ní Terlingua, ìlú awakùsà tí ó ti di ahoro. Ní oṣù October ọdún náà, wọ́n se é, adájọ́ mẹ́ta sì tọ́ ọ wò. Ọ̀kan gbè fún Smith, ìkejì gbè fún Fowler. Ìkẹta ní ahọ́n òun ti bàjẹ́, òun kò lè dájọ́ mọ́. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Láti ìgbà náà ni ìdíje ti ń wáyé ní Terlingua lọ́dọọdún, òfin rẹ̀ kò sì gba ẹ̀wà láàyè. Ní 1977, àwọn aṣòfin Texas sọ chili di oúnjẹ àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ wọn.

Èròjà àwọn aṣíkiri

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọmọ ìyá méjì láti Makedóníà, Tom àti John Kiradjieff, ṣí ilé oúnjẹ kan tí ó ń jẹ́ Empress ní 1922. Èròjà ìlú wọn ni wọ́n fi se chili tiwọn: cinnamon, kànáfùrù àti irú wọn. Wọ́n bù ú sórí sùpàgẹ́tì, wọ́n sì rẹ́ wàràkàṣì lé e. Ará Texas lè má pè é ní chili, ṣùgbọ́n oúnjẹ ìdánimọ̀ ni ó jẹ́ fún àwọn ará Cincinnati.

Nínú ilé, àwọn tí ń se chili ti fi ṣokoléètì, kọfí, bíà, ọtí kíkan, òróró ẹ̀pà àti ìyẹ̀fun àgbàdo dán an wò. Ọ̀pọ̀ nínú èyí ní ìdí. Ṣokoléètì tí kò ní ṣúgà púpọ̀ máa ń fún ọbẹ̀ ní àwọ̀ dúdú àti ìkorò díẹ̀ tí ń bá ata gbígbẹ mu. Kì í ṣe àjèjì pátápátá pàápàá, nítorí pé àwọn ará Mẹ́síkò ti ń fi kòkó sínú ọbẹ̀ mole wọn tipẹ́. Ìyẹ̀fun àgbàdo máa ń mú ọbẹ̀ ki. Àwọn mìíràn a fi omi ẹja kíkan tàbí ọbẹ̀ sóyà sí i kí ẹran lè dùn sí i. Iṣẹ́ tí irú ń ṣe nínú ọbẹ̀ Yorùbá ni èyí ń ṣe, nítorí pé wíwú tí a mú un wú ni ó gbé adùn rẹ̀ jáde. Ní ti bíà àti ọ̀rá, capsaicin, èyí tí ń mú ata ta, kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ṣùgbọ́n ó máa ń yòrò nínú ọ̀rá àti ọtí líle. Ìdí nìyí tí ọ̀rá fi ń tan títa ata ká gbogbo ọbẹ̀, tí omi tútù kì í sì í ran ẹni tí ata ta lọ́wọ́ bíi wàrà.

Bí a bá wo gbogbo èyí, a ó rí i pé màlúù inú chili, ayù àti kumin rẹ̀, láti òdìkejì òkun ni wọ́n ti wá. Ata nìkan ni onílẹ̀. Ẹni tí ó ń lé ẹ̀wà jáde nínú ìkòkò ń gbàgbé pé ẹ̀wà náà ti wà ní ilẹ̀ Mẹ́síkò kí màlúù tó dé ibẹ̀. Bákan náà ni ó rí ní ilẹ̀ Yorùbá: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, tòmátì àti kòkó, láti Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dá wọn mọ̀, tí wọ́n gbìn wọ́n, tí wọ́n sì mọ bí a ti ń sè wọ́n, kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́: kí wọ́n bi àwọn ìyá àgbà léèrè ọ̀nà tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan gbà wọ agbo ilé wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sè é.