Ìwé fún Ojú, Ìwé fún Etí

Ní Ìbàdàn àtijọ́, etí ni ìlẹ̀kùn ìmọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn Ìba Olúyọ̀lé, tí Ọjà'ba ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, kò ní wá ìwé lọ. Agboolé ni yóò lọ, ní Bẹẹ̀rẹ̀ tàbí ní Bẹ́yẹrúnkà. Yóò jókòó ti àgbà, yóò sì gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí bí wọ́n bá ń ki ìjòyè. Àwọn alfa ní ìwé tiwọn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé kéú pàápàá, ohùn òkè ni ọmọ fi ń ké ohun tí ó wà lára wàláà títí yóò fi dé orí rẹ̀. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ríran kò pàdánù púpọ̀ ní ti ìmọ̀. A kò wí pé ayé rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Yorùbá tí ó ń ki ẹ̀dá lóríkì náà ni ó máa ń fi àléébù ara peni. Ti ìmọ̀ nìkan ni a ń sọ.

David àti Anna Hinderer, àwọn ajíhìnrere ìjọ CMS, tẹ̀ dó sí Kúdẹtì ní 1853, ìwé Yorùbá sì bá wọn wọ ìlú. Kò tó 60 ọdún lẹ́yìn náà, ní 1911, tí I. B. Akínyẹlé, ẹni tí ó padà jẹ Olúbàdàn ní 1955, fi kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní èdè Yorùbá. Èrè ńlá ni, nítorí àgbà a máa kú, ìwé a sì máa ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí ìtàn ti bọ́ sínú ìwé, ojú ni ó wá di ìlẹ̀kùn rẹ̀. Afọ́jú tí ó ti gbọ́ ìtàn Ìbàdàn lẹ́nu bàbá rẹ̀ kò lè gbọ́ ọ lọ́wọ́ Akínyẹlé, àfi bí ẹnì kan bá kà á fún un. Àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí ó dé Ìbàdàn ní 1939 dá díẹ̀ padà fún etí, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá wù ú ni ó ń sọ, kì í ṣe ohun tí olùgbọ́ bèèrè.

Ní 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé. John Harris, tí ó ti New Zealand wá, ni alákòóso àkọ́kọ́ fún ilé ìkàwé rẹ̀. Àwọn ìwé Henry Carr, tí ó kú ní 1945, bọ́ sí ọwọ́ wọn. Àwọn ìwé àti lẹ́tà Herbert Macaulay náà dé ibẹ̀. Òfin 1950 sì pa á láṣẹ kí àwọn òǹtẹ̀wé máa fi ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Kenneth Dike ni orúkọ tí ilé ìkàwé náà ń jẹ́ lónìí.

Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, lè là wá lóye nípa irú àwọn ilé ńlá bẹ́ẹ̀. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, òpó ràgàjì ni wọ́n fi ṣe iwájú rẹ̀, àtẹ̀gùn ni a sì ń gùn dé ẹnu ọ̀nà. Ògo ilé ni àtẹ̀gùn náà lójú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Lójú arọ, ògiri ni. Ilé ìkàwé ní irú àtẹ̀gùn tirẹ̀, èyí tí a kò fi sìmẹ́ńtì ṣe: àpótí káàdì tí a to orúkọ ìwé sí, àti lẹ́tà wínníwínní tí ojú gbọ́dọ̀ rí.

Nígbà tí Tim Berners-Lee gbé èrò ìtàkùn ayélujára kalẹ̀ ní 1989, tí àwọn ilé ìkàwé sì wá ń ní ìkànnì, ó dà bí ẹni pé àtẹ̀gùn tán. Ọmọ Bẹ́yẹrúnkà lè ti inú yàrá rẹ̀ wá ìwé. Ẹ̀rọ sì wà tí ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún ẹni tí kò ríran: JAWS fún Windows jáde ní 1995, NVDA, tí a kì í fowó rà, bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Bọ́tìnnì orí kíbọ́ọ̀dù ni ẹni tí ń lò ó fi ń rìn láti ìlà dé ìlà, ẹ̀rọ a sì máa sọ ohun tí ó bá bá pàdé. Asọ̀rọ̀mágbèsì tí ń gba èsì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tí ó ṣe ìkànnì náà bá fi síbẹ̀ nìkan ni ó lè kà. Bí wọ́n bá ya fọ́tò ìwé Akínyẹlé, tí wọ́n gbé e síbẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ yóò ní àwòrán ni, yóò sì dákẹ́. Bí àpótí tí a ń tẹ ọ̀rọ̀ sí kò bá ní àkọlé, aláìríran kò ní mọ̀ bóyá orúkọ òǹkọ̀wé ni wọ́n ń bèèrè tàbí nọ́ńbà káàdì. Èyí kì í ṣe àṣírí. Ìlànà tí ẹgbẹ́ W3C gbé jáde ní 1999 ti sọ ọ́.

Ti Yorùbá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn tí ń tẹ Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà a máa mú àmì àjèjì kan, wọn a yí ìrísí rẹ̀ padà sí ọ tàbí ṣ. Lójú, ọ̀rọ̀ náà pé. Ní abẹ́, àmì àjèjì náà ṣì wà níbẹ̀, òun sì ni ẹ̀rọ ń kà. Unicode ti ń tún èyí ṣe láti 1991, síbẹ̀ kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà ni a ń kọ́kọ́ kọ kí a tó fi àmì ohùn lé e. Bí ilé ìkàwé kò bá ro èyí, ẹni tí ó tẹ "Oluyole" lè má rí "Olúyọ̀lé". Òǹkàwé tí ó ríran, bí ó bá bá "Iba" pàdé láìlámì, yóò fi òye mọ̀ pé oyè Olúyọ̀lé ni. Ohùn ẹ̀rọ lè sọ ọ́ di ibà tí ń ṣe aláìsàn, tàbí ìbà tí a ń jú. Bí a kò bá sì kọ ọ́ sínú ojú-ìwé náà pé Yorùbá ni, tàbí bí ẹ̀rọ kò bá ní ohùn Yorùbá, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kà á. Ẹ wò ó, ẹ̀yin òǹkàwé: ìtàn Ìbàdàn lẹ́nu ẹni tí kò lè pe Ìbàdàn!

Òfin ti ṣí ọ̀nà díẹ̀. Òfin tí ó kọ ìyàsọ́tọ̀ fún àwọn akàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní Oṣù Kìn-ín-ní 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ọ̀nà wọn ṣe. Ó pé ní 2024. Àdéhùn Marrakesh ti 2013, tí Nàìjíríà dara pọ̀ mọ́ ní 2017, tún ṣe pàtàkì sí wa ju bí ó ti hàn lọ. Akínyẹlé wàjà ní 1964, òfin sì ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àdéhùn yìí ni ó jẹ́ kí a lè ṣe ẹ̀dà irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún aláìríran láìdúró de ìparí 2034.

Ohun tí ó kù ni iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀rọ lè sọ fọ́tò ìwé di ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a máa ṣi Yorùbá àtijọ́ kà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó kà á ní ìlà dé ìlà, kí ó mọ orúkọ agboolé àti oyè, kí ó sì fi àmì sí i. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ bí a ti ń pe orúkọ wọ̀nyí ṣì wà ní Ọjà'ba àti Màpó. Kí ilé ìkàwé pè wọ́n wá jókòó ti àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran ní kọ̀ǹpútà, kí ó tẹ "Ibadan" láìlámì, kí ó sì sọ ohun tí ó gbọ́ fún wọn.