Àwọn Àgbà Ọ̀jẹ̀ Kíríkẹ́ẹ̀tì Test: Ìtàn Àríyànjiyàn Kan

Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta kíríkẹ́ẹ̀tì, Test ló gùn jù, òun náà ló sì le jù. Orílẹ̀-èdè kan ló máa ń kojú òmíràn, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n sì ń fún wọn lóde òní láti fi parí rẹ̀. Ìlú Melbourne ni wọ́n ti ta àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1877, nígbà tí Ọsirélíà fi ayò 45 borí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tó tọ́ sí orúkọ àgbà ọ̀jẹ̀, òṣùwọ̀n tí wọ́n sì fi ń wọn àwọn ènìyàn ti yí padà láti ìran dé ìran.

Iṣẹ́ ńlá méjì ló wà nídìí eré náà: kí ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù, kí ẹlòmíràn sì fi igi gbá a láti kó ayò jọ. Wíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kà fún ẹni tó ń jù ú, ìyẹn ni iye ìgbà tó lé ẹni tó di igi mú jáde. Ìpíndọ́gba ni wọ́n ń wò lára ẹni tó ń gbá a: wọ́n á pín gbogbo ayò rẹ̀ sí iye ìgbà tí wọ́n lé e jáde. Ẹni tí ìpíndọ́gba rẹ̀ bá dé 50 ti di ẹni ńlá.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wo dókítà W. G. Grace, kò ní wọlé. Ìpíndọ́gba rẹ̀ nínú Test 22 kò ju 32.29 lọ. Ṣùgbọ́n pápá ayé rẹ̀ kò tẹ́jú, bọ́ọ̀lù sì máa ń ta sókè láìròtẹ́lẹ̀. Ó gbá ayò 152 nínú Test rẹ̀ àkọ́kọ́ ní pápá The Oval ní 1880, ó sì ṣì ń gbá a fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó pé ẹni 50 ọdún ní 1899. Òun ló sọ eré náà di ohun tí èrò ń wọ́ lọ wò.

Sydney Barnes tẹ̀ lé e. Wíkẹ́ẹ̀tì 189 ló kó nínú Test 27 péré. 49 nínú wọn ló kó nínú Test mẹ́rin ní Gúúsù Áfíríkà láàárín 1913 sí 1914. Jack Hobbs ní tirẹ̀ kó ayò 5,410 jọ, ó sì ti pé ọmọ ọdún 46 nígbà tó gbá ju ọgọ́rùn-ún lọ nínú Test fún ìgbà ìkẹyìn, ní 1929.

Nígbà tí Don Bradman ará Ọsirélíà dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí àríyànjiyàn. Ayò 6,996 ló kó nínú Test 52, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 99.94. Ayò mẹ́rin péré ló kù kí ìpíndọ́gba rẹ̀ pé 100 nígbà tó wọ pápá kẹ́yìn ní The Oval ní 1948, ṣùgbọ́n Eric Hollies lé e jáde láìgbá ayò kankan. Ṣáájú ìyẹn, nínú ìdíje 1932 sí 1933, Douglas Jardine, balógun ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí Harold Larwood máa ju bọ́ọ̀lù sí ara àwọn ará Ọsirélíà, kí wọ́n lè dín agbára Bradman kù. Ọgbọ́n náà dá ìjà sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Síbẹ̀, ìpíndọ́gba Bradman nínú ìdíje náà ju 56 lọ.

Àwọ̀ ara náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. George Headley, tí wọ́n bí sí Panama tó dàgbà ní Jàmáíkà, gbá ọgọ́rùn-ún ayò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mẹ́wàá nínú Test 22, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 60.83. Bó ti dáńgájíá tó, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fi í ṣe balógun ikọ̀ West Indies, ní 1948, torí àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n máa ń fi ipò náà fún. Ó di ọdún 1960 kí Frank Worrell, aláwọ̀ dúdú, tó gba ipò náà fún odidi ìdíje. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ìyàsọ́tọ̀ kò jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú gbá a fún orílẹ̀-èdè wọn rárá. Nígbà tí ayé sì yọwọ́ kúrò lọ́rọ̀ orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn 1970, ó kan Graeme Pollock, aláwọ̀ funfun, náà: Test 23 ló gbá, pẹ̀lú ìpíndọ́gba 60.97, kí ilẹ̀kùn tó tì.

Garfield Sobers ọmọ Barbados mú òṣùwọ̀n mìíràn wá, torí ó mọ iṣẹ́ méjèèjì. Ó kó ayò 8,032 jọ, ó sì kó wíkẹ́ẹ̀tì 235. Ayò 365 tó gbá láìjáde ní Kingston ní 1958 ni ẹnikẹ́ni kò borí títí di 1994. Ní ọdún 2000, ìwé ọdọọdún Wisden ní kí onímọ̀ 100 yan akọni márùn-ún ọ̀rúndún ogún. Gbogbo wọn ló yan Bradman. 90 yan Sobers. Hobbs rí 30, Shane Warne 27, Viv Richards 25.

Lóde òní, iye ti pọ̀ sí i torí Test ti pọ̀ sí i. Sachin Tendulkar ọmọ Íńdíà gbá Test 200, ó kó ayò 15,921 jọ. Muttiah Muralitharan ọmọ Sri Lanka fẹ̀yìn tì ní 2010 pẹ̀lú wíkẹ́ẹ̀tì 800. Ṣùgbọ́n Malcolm Marshall tó kó 376 kì í jẹ́ kí wọ́n gbà tó ayò 21 kó tó lé ẹnì kan jáde, nígbà tí Warne tó kó 708 ń fi ju 25 sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, pápá tí wọ́n ń bò kí òjò má bà á jẹ́, àti akoto tó ń dáàbò bo orí, kò sí láyé Grace àti Hobbs.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, iye nìkan kò sì tó láti dájọ́. Òṣùwọ̀n tó tọ́ ni ká wo bí ènìyàn ṣe ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ, lórí pápá kan náà, lójú àwọn alátakò kan náà. Bí a bá wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá Bradman du ipò kìíní nídìí igi, kò sì sí ẹni tó pé ní ọ̀nà méjèèjì tó Sobers. Grace, Barnes, Hobbs, Headley, Marshall, Warne àti Muralitharan tọ́ sí orúkọ àgbà ọ̀jẹ̀. Àwọn yòókù ṣì wà nínú iyàn.