Kíkùn Ẹ̀rọ Ohùn: Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé Súbúúfà

Oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1935 ni asọ̀rọ̀mágbèsì dé Èkó. Ìjọba amúnisìn ń gba ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń fi wáyà pín in sílé àwọn tó ń sanwó. Sípíkà àti bọ́tìnnì ni àpótí inú ilé ní. Kò fa iná rárá, kí ni yóò wá máa kùn nínú rẹ̀? Rédíò alábátìrì tó gbòde lẹ́yìn rẹ̀ náà kò kùn.

Áńpù tó ń jẹ iná ìjọba ló kó ariwo kíkùn wọlé. Ìgbà 50 ni iná Nàìjíríà ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn ìsàlẹ̀ sì ni ìyẹn ń dún; súbúúfà sì rèé, ohùn ìsàlẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń fa ìkùn náà ni pé súbúúfà wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, áńpù wà ní òmíràn, okùn díìṣì orí òrùlé sì tún kan ilẹ̀ níbòmíì. Iná díẹ̀ á máa gba ara wáyà ohùn kọjá. Bí a bá yọ okùn díìṣì tí ìkùn náà dákẹ́, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Bí kò bá dákẹ́, kí ẹ̀rọ méjèèjì jọ wà lórí ẹ̀kísítẹ́nṣọ̀n kan, kí wáyà ohùn sì jìnnà sí ti iná. Tíransífọ́mà kékeré tí a fi sáàárín wáyà ohùn ló kù. Àwọn kan a máa gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Ariwo á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ara ẹ̀rọ lè gbé iná, kó sì pa ẹni tó bá fọwọ́ kàn án.