Fọ́tò ojoojúmọ́ àti orúkọ irun

Ọmọ-ọmọ mi kan tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Àró níbí ti ń ya fọ́tò kan lójúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Fọ́ònù ló fi ń yà á: títì tí omi òjò ti gbẹ́, ìyá alákàrà, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń kó jáde ní oko ẹlẹ́dẹ̀ wa (ẹni tó bá ti dé Òkè-Àró rí mọ oko yẹn, òórùn rẹ̀ ló máa ń júwe ọ̀nà). Ó ní ọdún mẹ́wàá lòun fẹ́ fi ṣe é. Mo ní kó jókòó, kí n sọ ìtàn J. D. 'Okhai Ojeikere fún un.

Ọdún 1930 ni wọ́n bí bàbá náà ní ilẹ̀ Emai, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Ní 1950 ó ra kámẹ́rà Brownie kékeré kan. Ní 1954 ó ríṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Láti 1963 ó ń yàwòrán fún iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà ní Èkó. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn o. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán an, 1968 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: irun orí obìnrin. Ní títì, ní ọ́fíìsì, níbi ìgbéyàwó, ibi tó bá ti rí orí tó wù ú, á tọrọ àyè, á yà á. Wọ́n tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan kó tó kú ní oṣù Kejì ọdún 2014.

Dúdú àti funfun ni. Ẹ̀yìn orí ló pọ̀ jù nínú wọn, kò sì sí ohun mìíràn tó ń dí ojú lọ́wọ́: ọrùn, etí, àti ìlà irun tó tọ́ bí ebè. Bí èèyàn bá rí ẹyọ kan, ó lè ní "ó dáa" kó kọjá lọ. Àfi tó bá rí ogójì tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Ìgbà náà ló máa mọ ìyàtọ̀ láàárín irun tí wọ́n dì àti irun tí wọ́n fi òwú dúdú kó, tó dúró ṣánṣán bí irin. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún ọmọ yìí pé ọdún mẹ́wàá kọ́ ni ìṣòro. Kó kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ máa wò. Irun ò kúkú pẹ́. Èyí tí wọ́n jókòó ṣe láti àárọ̀ di ọ̀sán, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tú u.

Ní New York, Jamie Livingston ya fọ́tò Polaroid kan lójúmọ́ láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1979 títí di ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 1997 tó kú. Ọjọ́ ló so tirẹ̀ pọ̀. Ti Ojeikere, orúkọ irun ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi sì ti wọ̀ ọ́. "Star Koroba", 1971. "Coiling Penny Penny", 1974. "Abebe", 1975: abẹ̀bẹ̀ ni, ó hàn. Ṣùgbọ́n "Onile Gogoro Or Akaba", 1975, ńkọ́? Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀. Ṣé onílé ni àbí onílẹ̀? Àkàbà ló yọ wá: ilé là ń fi àkàbà gùn, a kì í fi gun ilẹ̀. Àwa tí a sì gbọ́njú nígbà náà mọ gèlè onílégogoro. Bí ilé ṣe ń ga sí i l'Ékòó ni orí àwọn obìnrin náà ń ga. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń yọ máàkì yín nítorí àmì ohùn. Ẹ ò rí nǹkan?

Kí n má purọ́, ohun kan ń dùn mí nínú àwọn àkọlé yẹn. Orúkọ irun wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó dì í kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dirí jẹun títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bó bá di kòlẹ́sẹ̀ fún ọ, wàá fẹ́ máa fi ẹ̀yìn rìn káwọn èèyàn lè rí i. Fọ́tò kan ṣoṣo kò sí.

Lánàá, ọmọ yìí gbé fọ́tò orí ọmọ aládùúgbò wa kan wá. Ó ní "all back" ni wọ́n ń pè é. Mo ní kòlẹ́sẹ̀ ni, kó kọ méjèèjì sílẹ̀. Ta ló dì í? Kò mọ̀. Mo ní kó padà lọ béèrè. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ó ní onídìrí náà kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá irun náà ti tú ni.